Ta Ló Ní Oró Ló Ń Ṣọdẹ?

Wọ́n ní ọrun àwọn San, àwọn ọdẹ aṣálẹ̀ Kàlàhárì, kò ju ohun ìṣeré ọmọdé lọ. Wọ́n ní ọfà wọn ò tilẹ̀ ní ìyẹ́ nídìí, oró ló ń bá wọn pa ẹran, kò sí ọgbọ́n kan níbẹ̀. Irọ́ gbuu ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọfà ọ̀hún. Àwọn Ju/'hoansi, ìran San tó wà ní Nyae Nyae ní Nàmíbíà, kì í fi ẹyọ igi kan ṣe é. Esùsú fífúyẹ́ ni ìdí rẹ̀. Eegun tàbí igi kékeré kan ló tẹ̀ lé e, kó tó wá kan ẹnu ọfà. Eegun ni ẹnu ọfà láyé àtijọ́. Wáyà ọgbà tí wọ́n lù pẹlẹbẹ ló wọ́pọ̀ báyìí. Kí ni wọ́n ń fi oríkèé púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Bí ọfà bá ti wọlé, tí ẹran fara ha igbó, esùsú á já bọ́, ẹnu ọfà á kù sára rẹ̀. Wọ́n ti mọ ibi tí yóò ti já kí wọ́n tó so ó pọ̀.

Oró wá ńkọ́? Ara ìdin kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Diamphidia ni wọ́n ti ń rí i. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wú u, nídìí igi tí ìdin náà ń jẹ ewé rẹ̀. Wọn kì í fi kan ṣóńṣó ọfà rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fún omi ìdin sí, torí bó bá ha ọdẹ fúnra rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ̀.

Oró yìí kì í sì í yá. Ẹran kékeré lè kú láàárín wákàtí mélòó kan. Àgùnfọn lè rìn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣubú. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọdẹ kì í sáré tẹ̀ lé e, kó má baà lé e jìnnà. Á wo ipasẹ̀ rẹ̀ dáadáa, á padà sí àgọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á yọ ipasẹ̀ ẹran kan ṣoṣo yẹn láàárín ti gbogbo agbo, lórí iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbá, kí kìnnìún àti ìkookò má baà ṣáájú wọn débẹ̀. Ẹ ní kí oró lọ ṣe ìyẹn.

Bí wọ́n bá wá rí ẹran náà, ẹni tó ni ọfà tó kọ́kọ́ bà á ló ni ín, ì báà má jẹ́ òun ló ta á. Wọ́n máa ń fún ara wọn lọ́fà, obìnrin pàápàá lè ni ọfà, kó sì pín ẹran tí kò bá wọn lọ sígbó pa. Ọdẹ kì í fọ́nnu. Á dé, á jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun ò rí nǹkan gidi, bóyá ohun kékeré kan. Àwọn tó bá a lọ rù ú á máa kùn pé egungun lásán ni. Richard Lee, onímọ̀ ará Kánádà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín wọn ní Dobe, ní Bòtswánà, lọ́dún 1963, jẹ nínú ẹ̀sín yìí: ó ra màlúù ńlá fún wọn nígbà Kérésìmesì, wọ́n ní egungun ni. Ẹ̀yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé fún un pé àwọn kì í jẹ́ kí ọdẹ gbéra ga, torí ìgbéraga lè mú un pa èèyàn lọ́jọ́ kan. Kò yà mí lẹ́nu bí àlejò tí kò gbọ́ àlàyé yìí bá gba ọdẹ wọn gbọ́ nígbà tó ní òun ò pa nǹkan gidi.