Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ju Ọ̀dà Lọ

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, kì í ṣe òní ni ọwọ́ wa ti ń kan ọkọ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni ó kan ara bọ́lẹ̀kájà, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ òkèèrè ni ẹsẹ̀ iwájú àti sítíárìn rẹ̀ ti wá. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ Volkswagen àtijọ́ di ọkọ̀ tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń fún ní agbára. Ohun tí mo yìn jù ni pé ó fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lágbára, kí ó lè gba ẹrù bátìrì.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ Àgọ́-Àrẹ tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì mọ òfin mẹ́ta. Èkíní, a kì í fún nọ́ọ̀tì tí ó di rọ́bà ẹsẹ̀ iwájú mú pátápátá nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì; kí ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró lórí táyà rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà yóò lọ́, yóò sì tètè ya. Èkejì, bí ihò nọ́ọ̀tì sítíárìn kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ihò bóòtì, a kì í dẹ̀ ẹ́. Ńṣe ni a ń fún un síwájú sí i, kí a tó ki pín-ìnì bọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, ìwọ̀n ni a fi ń to táyà, kì í ṣe ojú lásán.

Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí ó bá tú lójú ọ̀nà Ṣakí lè sọ ilé púpọ̀ di ilé ọ̀fọ̀. Nítorí náà, kí àwa àgbà dáwó ra sípánà tí ń fi ìwọ̀n agbára hàn fún àwọn oníṣẹ́ wa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.