Takuma Sato, Ẹ Kú Oríire!

Kò wọ́pọ̀ kí ẹnì kan fi ọjọ́ ìṣubú bẹ̀rẹ̀ ìkíni kú oríire, àmọ́ ẹ fún mi láyè, ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 2012 ni, ní pápá eré-ìje ọkọ̀ Indianapolis, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìgbà 200 ni wọ́n máa ń yí pápá náà po. Wọ́n ti yí i ní 199, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Dario Franchitti, ọmọ Skọ́tílándì tó ti gba ife-ẹ̀yẹ eré náà lẹ́ẹ̀mejì rí, ló wà níwájú. Ẹni tó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí ni Takuma Sato, ọmọ bíbí ìlú Tokyo. Bí wọ́n ṣe dé kọ́nà àkọ́kọ́, Sato rí àyè bíńtín láàárín ọkọ̀ Franchitti àti ìlà funfun tó wà létí pápá. Ó kó sí i. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀, ọkọ̀ náà pòyì, ó sì lọ fara gbá ògiri. Franchitti gba ife kẹta, Sato sọ̀ kalẹ̀ láàárín àfọ́kù.

Ká ní ó rọra jókòó sí ipò kejì tó wà, ta ni ì bá bá a wí? Ọ̀pọ̀ ló ní kánjúkánjú ló kó bá a. Èmi pàápàá wà lára wọn. Mo pòṣé, mo sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́dún 2026 yìí, ó pé ọdún 25 tí ọkùnrin yìí gba ipò kìíní nínú ìdíje Formula 3 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ipò tí ọmọ Jàpáànù kankan kò dé rí kí ó tó débẹ̀. Nígbà tí mo to ọdún 25 náà sílẹ̀ tí mo ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó hàn sí mi ni pé ìwà tó gbé e lọ fara gbá ògiri lọ́dún 2012 náà ló gbé e dé gbogbo ibi tí a ti ń kí i lónìí. Bó bá ti rí àyè, yóò wọ̀ ọ́. Àkọmọ̀nà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju ìyẹn náà lọ: ẹni tí kò bá dojú kọ ọ́, kò lè rí i gbà.

Ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1977 ni wọ́n bí i. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà tí wọ́n mú un lọ wo Formula 1 ní Suzuka lọ́dún 1987, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje náà dé pápá tí ilé-iṣẹ́ Honda kọ́ síbẹ̀. Satoru Nakajima, ọmọ Jàpáànù àkọ́kọ́ tó wa Formula 1 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, wà nínú ọkọ̀ Lotus aláwọ̀ ìyeyè. Ayrton Senna, ọmọ Bùràsíìlì, ló ń wa ìkejì rẹ̀. Senna bẹ̀rẹ̀ láti ipò keje, ó sì ń ré wọn kọjá títí ó fi parí sí ipò kejì. Ọkàn ọmọdé tó ń wò ó kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Lágbo eré-ìje ọkọ̀, òwe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin: àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní kart ni wọ́n fi ṣeré nígbà tí eyín ọmọdé kò tíì ká lẹ́nu wọn. Sato kò rí ìyẹn ṣe. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn. Kì í sì í ṣe gígùn ká àdúgbò o. Ó gùn ún títí ó fi gba ipò kìíní láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Jàpáànù, ó sì tún ń gùn ún nígbà tó wọ Yunifásítì Waseda. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń sáré kọjá kẹ̀kẹ́ yìí bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Mi ò bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti fi kẹ̀kẹ́ díje mọ̀ pé atẹ́gùn ni ọ̀tá. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gbá a. Ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́jú agbára, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dúró de ìṣẹ́jú tí yóò yọ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré Indianapolis ṣe rí, àfi pé ìyẹn ń lọ ní ohun tó ju kìlómítà 350 ní wákàtí kan. Lójú tèmi, orí kẹ̀kẹ́ ni Sato ti kọ́ ohun tó fi jẹun.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ eré-ìje wà ní Suzuka. Nígbà náà, ẹni tó bá ti ju ọmọ ogún ọdún lọ, wọn kì í gbà á. Lọ́dún 1997, Sato ti pé ogún géérégé. Bí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ ọn lọ́dún yẹn, ó parí nìyẹn. Ó wọlé, ó sì ṣe dáadáa débi pé òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ó ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ikọ̀ Carlin, ó gbégbá orókè nínú eré 12 láàárín ọdún kan, ó sì gba ipò kìíní gbogbogbòò. Lọ́dún kan náà yẹn, 2001, ó tún borí ní Zandvoort lórílẹ̀-èdè Netherlands àti ní Macau, ibi méjì tí gbogbo àwọn ọmọ Formula 3 ń lá àlá rẹ̀. Èyí tí òwe wí nípa àṣàmú, ó dára. Sato ti fi tirẹ̀ kún un.

Ikọ̀ Jordan gbé e wọ Formula 1 lọ́dún 2002. Ní Ọ́stríà, ọkọ̀ Nick Heidfeld, ọmọ Jámánì, sọ ìjánu nù, ó fì wá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Sato débi pé ó lù ú já. Àwọn tó ń wò ó gbé ọwọ́ lérí. Itan rẹ̀ ló fara pa, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. A ò sí níbẹ̀ kí a kí i nígbà náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kí i báyìí: ẹ kú ewu o, Sato! Nígbà tí eré dé Suzuka lọ́dún náà, ó parí sí ipò karùn-ún lójú àwọn ará ilé, ipò àkọ́kọ́ tó mú àmì wá fún un. Ariwo tó sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé òun ló borí.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2004 dé, pẹ̀lú ikọ̀ BAR tí Honda ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún. Ní Nürburgring, nílẹ̀ Jámánì, ó di ọmọ Jàpáànù àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ eré Formula 1 láti ìlà iwájú. Níbẹ̀ náà ló ti rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rubens Barrichello ní kọ́nà àkọ́kọ́, ó wọ̀ ọ́, wọ́n fara kanra, apá iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ya. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì náà fi jóná. Wọ́n bá a wí gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà, ó dúró lórí àga àwọn olùborí, ipò kẹta, lẹ́yìn Schumacher àti Barrichello yìí kan náà. Láti ìgbà tí Aguri Suzuki ti dé ipò kẹta ní 1990, kò tíì sí ọmọ Jàpáànù tó débẹ̀. Ẹ mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀? Indianapolis ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e kò dáa, àmì ẹyọ kan ló rí. Ikọ̀ BAR jẹ́ kó lọ. Aguri Suzuki fúnra rẹ̀ ló gbà á, nínú ikọ̀ tuntun kan tí kò lówó, tó jẹ́ pé ọkọ̀ Arrows àtijọ́ ti ọdún 2002 ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Irú ọkọ̀ báyẹn kì í ré ẹnikẹ́ni kọjá. Síbẹ̀, ní Kánádà lọ́dún 2007, nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Sato ré Fernando Alonso kọjá, Alonso tó jẹ́ pé òun ló gba ipò kìíní gbogbo àgbáyé lọ́dún méjì ṣáájú, tó sì wà nínú ọkọ̀ McLaren! Ó parí sí ipò kẹfà. Mo ti wo ré-kọjá yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, owó tán, ikọ̀ náà sì kógbá sílé. Ẹ kú àfẹ́kù.

Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, sínú ìdíje IndyCar, lọ́dún 2010. Ẹni ọdún 33 tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun ba ìlà-oòrùn Jàpáànù jẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2011, ó dá ètò kan sílẹ̀ tó pè ní With You Japan, kí ó lè máa fi ṣèrànwọ́ fún àwọn ọmọ tí àjálù náà kàn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ní Long Beach, ó ṣíwájú nínú ìyípo 50 lára 80, ó sì di ọmọ Jàpáànù àkọ́kọ́ tó borí nínú IndyCar. Ikọ̀ A.J. Foyt ló wakọ̀ fún, bàbá tó kọ́kọ́ gba Indianapolis lẹ́ẹ̀mẹrin. Ikọ̀ náà kò tíì borí láti ọdún 2002. Ayọ̀ ilé méjì ni.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí à ń lọ. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, eré Indianapolis ìgbà 101. Sato ti wà nínú ikọ̀ Andretti. Alonso náà wà nínú ikọ̀ yìí lọ́jọ́ náà, ó fi eré Formula 1 ti Monaco sílẹ̀ wá dán Indianapolis wò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kí eré tó parí. Ó ku ìyípo márùn-ún, Sato ré Helio Castroneves kọjá, ọmọ Bùràsíìlì tó ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń wá ìkẹrin lójú méjèèjì.

Ẹ má rò pé ẹni tó bá wà níwájú pẹ̀lú ìyípo márùn-ún ti rọ́wọ́ mú o. Ìwájú ni ibi tó burú jù nígbà náà! Atẹ́gùn tí Sato ń là, Castroneves ló ń jẹ èrè rẹ̀ lẹ́yìn. Ìdààmú Franchitti lọ́dún 2012 ti wá di ti Sato. Òun lẹ́ni iwájú, ẹni ẹ̀yìn ló ń wá àyè. Castroneves gbìyànjú láti gba ìta yọ sí i ní kọ́nà àkọ́kọ́. Sato kò yà, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí a kò bá ṣubú, a kì í mọ ẹrù dì: ó mọ ibi tí àyè máa ń ṣí sí, torí náà ibẹ̀ ló dí. Wọ́n kọjá ìlà ìparí, ohun tó wà láàárín wọn jẹ́ ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, 0.2011. Kò tíì sí ọmọ Éṣíà kankan tó ṣe é rí láti ọdún 1911 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Igbe tó ké nínú àṣíborí rẹ̀, a gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n gbé wàrà fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, ó mu díẹ̀, ó da ìyókù lé ara rẹ̀ lórí. N kò pa tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà. (Castroneves náà rí ìkẹrin rẹ̀ gbà lọ́dún 2021, kí ẹnikẹ́ni má ṣe káàánú rẹ̀ jù.)

Ó tún ṣe é. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, wọ́n sún eré náà síwájú láti oṣù Karùn-ún, wọn kò sì jẹ́ kí òǹwòran kankan wọlé. Pápá tó máa ń gba èèyàn tó ju 200,000 lọ dákẹ́ rọ́rọ́. Scott Dixon, ọmọ New Zealand, ló ṣíwájú fún ìyípo 111. Sato, ẹni ọdún 43, gba iwájú lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí eré ti ń lọ sópin, ó sì ń wọn epo rẹ̀ bí ìyá tó ń wọn epo sọ́bẹ̀ níparí oṣù. Ó ku ìyípo márùn-ún nígbà tí ọkọ̀ ẹlòmíràn fọ́ mọ́ ògiri, wọ́n gbé àsíá ìyeyè sókè, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ré ẹnikẹ́ni kọjá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Sato ṣe wakọ̀ jẹ́jẹ́ kọjá ìlà ìparí. Àwọn kan ṣàròyé pé kò dùn tó. Ta ló sọ fún wọn pé kí wọ́n má wà níwájú?

Wọ́n máa ń gbẹ́ ojú ẹni tó bá borí sára ife Indianapolis tí wọ́n ń pè ní Borg-Warner. Ojú Sato wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìparí ọdún 2017, wọ́n gbé ife ńlá náà wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Jàpáànù kí àwọn ará ilé lè fojú rí i. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní 2019: ilé ẹ̀kọ́ Suzuka tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í mọ́ta nítorí ọjọ́ orí fi í ṣe ọ̀gá àgbà. Ọwọ́ Satoru Nakajima ló ti gbapò náà, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ìyeyè lọ́dún 1987.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú oríire ọdún 25. Ẹ kú oríire ife méjì. Ẹ kú ìforítì.

Ó ku ìkíni kan tí mo ń wá tí n kò rí. Lọ́dún 2025, ẹni ọdún 48, Sato bẹ̀rẹ̀ eré Indianapolis láti ipò kejì, ó sì ṣíwájú fún ìyípo 51. Kò sẹ́lòmíràn tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó wá ń yà wọlé kí wọ́n rọ epo fún un kí wọ́n sì pààrọ̀ táyà, eré pọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ débi pé ó kọjá ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró sí tí wọ́n ń retí rẹ̀. Wọ́n ní láti sáré bá a. Ìkíni wo ni Yorùbá ní fún ìyẹn? Mo rò ó títí. Ẹ kú eré o, Sato!