Ó Yẹ Kí Ọmọṣẹ́ Lè Kìlọ̀ fún Ọ̀gá

Ní ọdún 1949 ni ọtí Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgánmú. Heineken ti Họ́láńdì ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ náà lónìí. Ọ̀pọ̀ òyìnbó kì í ka pípe ọ̀gá lórúkọ sí àrífín. Àwa ńkọ́? Ọmọ tí a kọ́ láti máa dọ̀bálẹ̀ kò lè ṣàdédé pe ẹni tó tó bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi. Ohun tí mo lòdì sí ni kí ó rí i pé ẹ̀rọ ń gbóná jù, kí ó sì dákẹ́ torí pé àgbà ló wà nídìí rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn" kì í ṣe àrífín. Bí ọ̀gá bá bínú, òun ni kí wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún.