Ọdún Iléyá àti Àwọn Ará Etí Omi

Bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí èbúté kan ní ìhà omi Ìjẹ̀bú tí kì í kún fún èrò. Ní Màkún-Omi, ìlú tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tí ó tẹ̀dó sí, àwọn tí ń ṣòwò ní Èkó àti ní Èpẹ́ a máa darí wálé, àgbò a máa ké nínú ọkọ̀, àwọn aránṣọ a sì máa fi òru ṣe ọ̀sán. A kí gbogbo wọn kú ìmúra ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà ní ọkàn wa tí a kò lè ṣàì sọ, kí àwọn ènìyàn tó dìde lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, èyí tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta ọdún.

Ó yẹ kí a rántí ohun tí ó bí Ojúde Ọba, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí ni ó rò pé ẹṣin àti sányán ni. Ìjẹ̀bú àtijọ́ kì í ṣe ilẹ̀ tí ń yára ṣí ìlẹ̀kùn fún àjèjì. Òyìnbó pàápàá kò rí ọ̀nà gbà títí ogun Ìmàgbọn fi dé ní May 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ojú ọ̀sà wá gúnlẹ̀ sí Èpẹ́, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ gòkè wá. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn titun kì í ṣe ohun eré. Ẹni tí ó bá kẹ̀yìn sí òrìṣà ilé baba rẹ̀ mọ ohun tí ojú òun lè rí. Nítorí náà, nígbà tí Awùjalẹ̀ fi àyè gba àwọn Mùsùlùmí díẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde láti máa ṣe ẹ̀sìn wọn, wọn kò ka oore náà sí kékeré. Wọ́n kó ara wọn jọ lẹ́yìn Iléyá, wọ́n lọ sí iwájú ààfin, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ.

Ìtàn mìíràn tún wà tí a máa ń gbọ́ nípa Balógun Kúkù, jagunjagun àti olówò ńlá nì. Wọ́n ní ó ti máa ń fi ìlù àti ọ̀pọ̀ ènìyàn yẹ́ ọba sí nígbà ọdún ìbílẹ̀ kan; nígbà tí ó di Mùsùlùmí tí kò lè bá wọn ṣe ọdún náà mọ́, ó gbé ẹ̀yẹ náà wá sí ẹ̀yìn Iléyá. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà! Ó yí ẹ̀sìn padà, kò yí ẹ̀yìn padà sí ọba.

Lónìí, Mùsùlùmí nìkan kọ́ ni ó ń lọ. Kìrìsìtẹ́nì ń lọ, oníṣẹ̀ṣe ń lọ. Awùjalẹ̀ Ọba Sikiru Adetona, ẹni tí ó gun orí ìtẹ́ ní 1960 tí ó sì wàjà ní July 13, 2025, ni a gbọ́dọ̀ yìn púpọ̀ fún bí àwọn régbérégbé ṣe tún sọjí: Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ, Bọ́bagbìmọ̀ àti àwọn yòókù wọn. Ohun tí ó wù wá jù nínú ètò yìí ni pé ọdún tí a bí ènìyàn ni a fi ń kà á mọ́ ẹgbẹ́. A kì í bi í léèrè bóyá mọ́ṣáláṣí ni ó ń lọ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Apẹja àti agbẹjọ́rò tí a bí ní ìgbà kan náà, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n.

Àbí ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Aṣọ ẹgbẹ́ ti di ẹrù. Lọ́dọọdún ni a ń mú aṣọ titun, pẹ̀lú fìlà tàbí gèlè tí ó bá a mu, bàtà, ìlẹ̀kẹ̀, àti owó onílù. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ń yá ní Èkó lè san án kí ó má mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n kí ni kí obìnrin tí ń yan ẹja tà ní Màkún-Omi ṣe? Yóò kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ kí ó tó dé Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Òmíràn yóò kó àjọ rẹ̀ ṣáájú àkókò, òmíràn yóò yá owó èlé, èyí tí ojú sì ń tì yóò jókòó sí ilé, yóò ní ara òun kò yá. A kò lè pe èyí ní ọpẹ́. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ dúpẹ́ níwájú ọba, àyè tí a fi gbà wọ́n ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ. Ṣé àwa ni yóò wá fi aṣọ dí àyè mọ́ ẹlòmíràn?

A kò bínú sí ẹwà. Ní June 2024, nígbà tí àwòrán Ọ̀gbẹ́ni Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn ká gbogbo ayé, orí àwa náà wú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ gíláàsì dúdú ojú rẹ̀ àti bí ó ṣe jókòó bí ọba. Díẹ̀ ni ó fi etí sí i nígbà tí ó sọ pé ó tó ọdún mẹ́wàá tí òun ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun gbé. Ẹni tí ó ní ìdí láti dúpẹ́ ni ó wà lórí ẹṣin yẹn.

Ẹ̀yin ará etí omi pàápàá ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn àlùfáà ń kọ́ wa pé kí a pín ẹran Iléyá sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ìdá kan fún aláìní. Ẹran yìí kan náà ni ó ń wọ ilé Kìrìsìtẹ́nì, bí ìrẹsì Kérésìmesì ṣe ń wọ ilé Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tí ó ń bi abọ́ léèrè ẹ̀sìn rẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olórí régbérégbé: kí ẹ tó lọ sí ọjà aṣọ, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú jù nínú yín ní iye tí agbára rẹ̀ ká. Kí akápò yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún owó ọkọ̀ àwọn tí ń ti Màkún-Omi, Ìwopin àti Abígí bọ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí aṣọ èṣí ṣì dára lọ́wọ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́, kí ó bá yín jó dé iwájú ààfin.