Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ọyún Náà Kí Ẹ Tó Lo Oògùn

N kì í ṣe dókítà, lábù ni mo ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí wọ́n fi irin sí lára, tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ wá ń ṣọyún, ọ̀dọ̀ ẹni tó là á ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà. Àfi bí ibà bá ti ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kó má tíì gbé antibáyọ́tíìkì kankan mì.

Ọlọ́kadà kan wá láìpẹ́ yìí. Mọ́tò ló gbá a, wọ́n fi irin so egungun ojúgun rẹ̀. Ihò kan wà lójú àpá náà, kò ju orí ìṣáná lọ, ọyún ń yọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Àǹtí, ó máa ń gbẹ o," ló wí, ó sì tú láílọ́ọ̀nù rẹ̀: ampiclox rẹpẹtẹ, àti tẹtra tó ń já, tó ń da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sójú egbò. Lóòótọ́ ló máa ń gbẹ. Bí oògùn bá tán, á tún là. Ihò tó já dé irin kì í ṣe egbò ara. Èéfín lásán ni, abẹ́ ni iná wà.

Kòkòrò Staphylococcus aureus, tó ń gbé imú ọ̀pọ̀ wa láìṣe wá ní nǹkan, ni a sábà ń bá níbẹ̀. Tó bá ti bà lé irin, á fi nǹkan tó ń yọ̀ bora, oògùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé tọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tún ibẹ̀ là, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́. Oríkèé àtọwọ́dá, ti ìbàdí tàbí ti orúnkún, tí àrùn ọ̀hún kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, wọ́n lè fọ̀ ọ́ kí irin dúró. Bó bá ti pẹ́, yíyọ ló sábà máa ń kù.

Oògùn wo ló máa wá pa kòkòrò náà? Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, ampiclox sì ti bà á jẹ́. Kò pa kòkòrò náà tán, àmọ́ ó ká a lápá kò débi tí kò fi ní hù fún wa. Mo máa ń ṣí abọ́ tí a gbin ọyún náà sí láàárọ̀, kó mọ́ lóló, ọyún sì ń ṣàn lẹ́sẹ̀ ẹni tó ni ín. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ní kí ẹni tí kò sí nínú ewu dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, ó kéré tán, kí wọ́n tó gba nǹkan lára rẹ̀.

Àwọn dókítà náà ń jẹ̀bi. Òwú tí wọ́n fi nu ojú ihò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, kòkòrò tó ń gbé awọ ara lásán ló sì sábà máa ń hù níbẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé. Nínú tíátà, ẹ gé ẹran ojú 5 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ìgò tirẹ̀. Bí kòkòrò kan náà bá hù nínú 2, a ti mú un.

Mo mọ̀ pé owó ni wọ́n máa fi dáhùn: ìgò 5, owó 5, fún ẹni tó ti ta ọ̀kadà rẹ̀. Ẹ̀yin alákòóso ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ sọ ìgò márààrún di owó kan, kẹ́ ẹ kà á mọ́ owó iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin oníkẹ́mísì, ẹni tí àpá irin rẹ̀ bá ń ṣọyún, ẹ má ta antibáyọ́tíìkì fún un. Ẹ ní kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó là á.