Àgbàrá Òjò Lọ́ńdọ̀nù: Onílé Ni Kò Gbọdọ̀ Gbà

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n parí síso ihò omi ńlá tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ odò Thames mọ́ àwọn páìpù ìdọ̀tí àtijọ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kìlómítà 25 ni gígùn rẹ̀, láti Acton ní ìwọ̀ oòrùn dé Abbey Mills ní ìlà oòrùn. Fífẹ̀ inú rẹ̀ ju mítà 7 lọ, ó sì gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 pọ́n-ùn. Inú bíìlì tí àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ omi Thames Water ń san ni owó náà ti ń jáde, àwọn èèyàn wa ní Peckham, Woolwich àti Thamesmead wà lára wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá fi gbogbo ọ̀ràn yìí sílẹ̀ fún ihò yẹn nìkan, àwọn ọmọ wa ni yóò sanwó èkejì.

Ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, páìpù kan náà ló ń gbé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìwẹ̀, omi ilé ìdáná àti omi òjò. Joseph Bazalgette ni ẹnjiníà tó ṣètò rẹ̀, lẹ́yìn tí òórùn odò Thames gba ìlú kan nígbà ooru ọdún 1858, débi pé wọ́n ní láti rẹ kọ́tìnì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sínú kẹ́míkà. Àrùn onígbáméjì ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣáájú ìgbà náà. Ibùdó tí wọ́n ti ń fa ìdọ̀tí sókè ní Crossness, nítòsí ibi tí Thamesmead wà lónìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1865. Iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀mí là.

Bazalgette mọ̀ pé bí òjò bá pọ̀ jù, páìpù á kún, ìdọ̀tí á sì padà wọ ilé onílé. Ìdí nìyẹn tó fi ṣí ojú ihò sílẹ̀ létí odò, kí àkúnwọ́sílẹ̀ lè gba ibẹ̀ jáde. Mílíọ̀nù 4 èèyàn ló fojú sun nígbà náà, ṣùgbọ́n ìlú ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù 9 báyìí, ibi tí koríko wà tẹ́lẹ̀ sì ti di kọnkéré. Ohun tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wá di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bíi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ihò tuntun yìí tó dé, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 39 tọ́ọ̀nù àpòpọ̀ òjò àti ìdọ̀tí ló ń wọ odò lọ́dún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, òjò ńlá kan gbé ìdọ̀tí wọ Thames, ẹja sì kú lọ bẹẹrẹ.

Ihò tuntun náà ń gba àkúnwọ́sílẹ̀ kó tó dé odò. Omi náà á máa dagẹ̀rẹ̀ lọ, wọ́n á fà á sókè ní Beckton, wọ́n á sì sẹ́ ẹ kó mọ́. Ó ń dáàbò bo odò lóòótọ́. Àmọ́ kò dín ẹyọ kan kù nínú òjò tó ń wọ páìpù, òjò náà sì ti ń le sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2021, òjò wákàtí díẹ̀ ya wọ ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì da iṣẹ́ rú ní ilé ìwòsàn Whipps Cross àti ti Newham. Ní gbogbo ilẹ̀ England, irú àwọn ojú ihò bẹ́ẹ̀ da ìdọ̀tí sínú odò àti òkun fún ohun tó ju mílíọ̀nù 3.6 wákàtí lọ ní 2023. Ta ló lè gbẹ́ irú ihò Thames sábẹ́ gbogbo ìlú tó wà ní England?

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ibi tí ó yẹ ká ti kọ̀ fún àgbàrá ni orí òrùlé àti iwájú ilé wa, kó tó dé inú páìpù rárá. Ẹnìkan lè ní kí ni ilé kékeré tòun fẹ́ dà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí òrùlé kan bá gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, òjò mìlímítà 20 yóò da líítà 1,000 sórí rẹ̀, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù ńlá márùn-ún. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá tó 100 ní àdúgbò kan, tọ́ọ̀nù 100 omi ni, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìran wa mọ bí a ṣe ń gbé agbada sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rò. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ páìpù òrùlé yín, kí ẹ máa bu omi rẹ̀ rin ẹ̀fọ́. Bí omi òjò ilé yín kò bá wọ páìpù ilé iṣẹ́ omi rárá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n yọ owó ìyẹn kúrò nínú bíìlì yín.

Ẹ má sì fi kọnkéré di gbogbo iwájú ilé nítorí mọ́tò. Láti 2008, ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí kò gba omi láyè tẹ́ iwájú ilé kọjá mítà 5 níbùú lóròó ní England gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, àfi bó bá darí omi náà sí ilẹ̀ tó lè mu ún. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ kí omi wọlẹ̀ dára ju kọnkéré lọ.

Bákan náà ni ti òróró tí a fi din àkàrà, dòdò àti ẹran ayẹyẹ. Ní 2017, wọ́n rí òkìtì ọ̀rá tó gùn tó mítà 250, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 130, nínú páìpù ìdọ̀tí ní Whitechapel. Ọ̀rá tó dì àti wáìpù tí àwọn èèyàn ń jù sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló para pọ̀ di òkìtì náà. Páìpù tó dí kò nílò òjò kó tó kún. Ẹ jẹ́ kí òróró tutù, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike, kí ẹ sì kó o dànù pẹ̀lú pàǹtí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ẹrù ìjọba lé àwọn onílé lórí. Òfin ìkún omi ọdún 2010 ní apá kan tó ní kí ẹni tó ń kọ́lé tuntun kọ́kọ́ fi han àwọn aláṣẹ bí ilẹ̀ yóò ṣe máa mu omi òjò ibẹ̀, kó tó lè so ó mọ́ páìpù ìdọ̀tí. Wales bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Kìíní ọdún 2019. England fi í sílẹ̀ sórí ìwé, wọ́n sì ń kọ́lé lọ. Ní Amẹ́ríkà, Philadelphia ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún 25 láti 2011, tí wọ́n fi ń gbin igi, tí wọ́n sì ń ṣe ọgbà létí títì kí ilẹ̀ lè mu òjò kó tó kan páìpù. Ohun tó ṣeé ṣe níbẹ̀ ṣeé ṣe ní Southwark àti Greenwich.

Nítorí náà, bí àwọn tó ń wá ìbò bá kanlẹ̀kùn yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. Ọdún wo ni England yóò mú òfin 2010 yẹn ṣẹ lódindi? Títì wo ní àdúgbò wa ni káńsù yóò kọ́kọ́ sọ di ibi tí ilẹ̀ ti ń mu omi? Ẹ gba ìdáhùn lẹ́nu wọn kí ẹ tó ṣèlérí ìbò. Àwa là ń san bíìlì.