Erin Inú Igbó Ọba Omo àti Ẹni Tí Ó Ni Ilẹ̀

Bí a bá rí erin, kí a wí pé a rí erin. Ọ̀rọ̀ Igbó Ọba Omo tí ó wà ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn ti kọjá ohun tí a ń sọ ní ìdákọ́ńkọ́. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹranko tí ó ń parun, àgbẹ̀ a máa gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba oko lọ́wọ́ òun. Bí àgbẹ̀ bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ baba rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé a máa gbọ́ ọ bí ẹni pé ó fẹ́ pa erin. Àwọn méjèèjì ni ó ní ẹjọ́ rere, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà tọ̀túntòsì.

Ọdún 1925 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya igbó yìí sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí apá kan igbó ọba Shasha ti ìgbà náà. Ó lé ní hẹ́kítà 130,000. Odò Omo tí ó la inú rẹ̀ kọjá ni ó fún un ní orúkọ. Ní 1946 wọ́n tún ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ó lé ní éékà 1,100, pé àáké kò gbọdọ̀ kàn án, ìbọn kò sì gbọdọ̀ dún níbẹ̀. Ní 1977 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ ara àwọn tí gbogbo ayé ń ṣọ́. Kí 1925 tó dé, àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n ń ṣọdẹ, tí wọ́n sì ń ká èso nínú igbó náà. Àwọn abúlé kan ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ ìdílé wọ̀nyí mọ ibi tí baba ńlá wọn fi ààlà sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wọn kò tó o mọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ìparun igbó náà ru àgbẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń bẹ́ igbó àtayébáyé lulẹ̀ ní agbègbè J4, láti fi gbin igi Gmelina tí wọ́n ní yóò di bébà ní Ìwópin. Gmelina hù, ó sì dàgbà. Ilé-iṣẹ́ bébà náà kò ṣiṣẹ́ bí a ti ṣèlérí. Ẹni tí ó bá ti rí ọkọ̀ akó-gedú tí ó ń jáde láti inú igbó náà ní òru mọ̀ pé kì í ṣe àgbẹ̀ onígi kòkó mélòó kan ni ó ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, erin ń tán lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ni àjọ IUCN tí ń ka ẹ̀dá inú ayé kéde pé erin inú igbó, èyí tí ó kéré ju erin ilẹ̀ ọ̀dàn lọ, ti dé ẹnu ọ̀nà ìparun. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣírò pé gbogbo erin tí ó kù ní Nàìjíríà kò tó 400, Omo sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ibi tí wọ́n kù sí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Oyún erin a máa tó oṣù 22, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí; bí a bá pa abo erin kan lónìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò kọjá kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Inú igbó yìí kan náà ni ìnàkí wà, àti ọ̀bọ ọlọ́fun funfun tí kò sí níbòmíràn ju Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò wa ní ìwọ̀-oòrùn lọ. Ọ̀pọ̀ igi ńláńlá ni ó sì jẹ́ pé erin ni ó ń gbìn wọ́n. Yóò gbé èso mì, bí òro tí a ń rí àpọ̀n nínú kóró rẹ̀, yóò rìn jìnnà, yóò sì yà á sílẹ̀ pẹ̀lú ajílẹ̀ tirẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò gba owó ọ̀yà ni erin.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń san owó oúnjẹ àgbẹ̀ yìí? Ibí yìí gan-an ni ẹjọ́ wà. Erin kò mọ ibi tí igbó ọba parí sí. Yóò jáde ní òru, yóò wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò sì tẹ ẹ̀gẹ́ àti kòkó kékeré mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òfin ọdún 1985 lórí ẹranko tí ó ń parun sọ ìyà tí yóò jẹ ẹni tí ó bá pa wọ́n tàbí tí ó bá fi wọ́n ṣòwò. Kò sọ ẹni tí yóò san owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n jẹ. Ti ilẹ̀ tún wá ju ìyẹn lọ. Òfin Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Bí Gómìnà bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn, owó ilé àti irúgbìn orí rẹ̀ ni yóò san; ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ọyà tí onílẹ̀ san ní ọdún náà lọ. Ẹ fara balẹ̀ wò ó: ìdílé tí ó bá bẹ́ igbó rẹ̀ tí ó sì gbin kòkó sí i yóò gba owó, ìdílé tí ó bá fi igbó rẹ̀ sílẹ̀ fún erin, bí baba rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, yóò káwọ́ lẹ́rìn. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ àjùmọ̀ní, òfin náà gbà kí a san owó fún olórí tàbí baálẹ̀ láti ná an fún ànfààní gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí irú owó bẹ́ẹ̀ ti máa ń rìn.

Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn kan ń gba ìṣákọ́lẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí ó wá láti òkèèrè, tí wọ́n ń fi àárín gbùngbùn igbó ọba hàn wọ́n pé kí wọ́n máa gbin kòkó sí i. Olè ni ẹni tí ó ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, a kò sì ní fi èdè dídùn bò ó. Àgbẹ̀ tí ó san owó ni ẹ̀ṣọ́ ń lé, ẹni tí ó gba owó wà ní ilé rẹ̀, ó ń jẹun.

Irú ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ẹyẹ àkókó kan wà tí kì í gbẹ́ ihò sí ara igi mìíràn ju igi páìnì tí ó ti gbó lọ. Òfin wọn ti ọdún 1973 de ọwọ́ onílẹ̀ tí ẹyẹ náà bá ń gbé orí ilẹ̀ rẹ̀. Kí ni àwọn onílẹ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn gé páìnì wọn kí ó tó gbó, kí ẹyẹ má baà rí ibi bà sí. Òfin tí a ṣe láti gba ẹyẹ là sọ ẹyẹ di ọ̀tá onílẹ̀. Ní 1995 ni ìjọba wọn tó wá bá àwọn onílẹ̀ dá májẹ̀mú: ẹni tí ó bá tún igbó rẹ̀ ṣe fún àkókó, a kò ní di ẹrù lé e lórí ju èyí tí ó wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn onílẹ̀ kan ti ń pe ẹyẹ náà wá sí ilẹ̀ wọn. Ní Áfíríkà wa níhìn-ín, Nàmíbíà ti fún àwọn ará abúlé ní ẹ̀tọ́ sí owó tí ẹranko ilẹ̀ wọn ń mú wọlé láti 1996. Kẹ́ńyà náà ṣe òfin ní 2013 pé ìjọba yóò san gbèsè ohun tí ẹranko bá bàjẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà a máa pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ni í. Òfin tí ó ń pẹ́ sàn ju èyí tí kò sí lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ọ̀rọ̀ kan kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 pé àwọn kò ní ra kòkó tí ó bá jáde láti orí ilẹ̀ tí a bẹ́ igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, tàbí tí a gbìn lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè tí ó ti wá. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìmúṣẹ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé e. Kòkó a máa tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Ẹni tí ó ń gé igbó Omo lónìí láti gbin kòkó lè má rí ẹni tí yóò rà á ní ọjọ́ tí ó bá so, kòkó rẹ̀ sì lè ba ti aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ nínú àpò kan náà. A kì í ru ẹran erin lórí kí a máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.

Nítorí náà ìhà tí a dúró sí nìyí. Kí ibùgbé erin wà, kí ẹnikẹ́ni má sì dá oko tuntun sí inú rẹ̀, ì báà ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, ì báà ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ la ààlà tí ojú lè rí, pẹ̀lú àwọn àgbà ìdílé àti baálẹ̀ ní ìdúró, kì í ṣe lórí ìwé ní Abẹ́òkúta. Kí a ka igi kòkó àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, kí a fún wọn ní ilẹ̀ mìíràn àti owó irúgbìn wọn kí a tó ní kí wọ́n kó jáde. Ẹni tí ó bá wọlé lẹ́yìn ìkà náà, kí ó mọ̀ pé òfo ni. Kí a yọ ìpín kan nínú owó tí gedú Omo ń mú wọlé, kí a san án fún àwọn ìdílé náà ní orúkọ-orúkọ, kí a sì lẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti kà á. Ọmọ àwọn ọdẹ J4 mọ ipasẹ̀ erin ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn ni kí a kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Kí àpótí owó kan sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn ní Ogbèrè, tí àgbẹ̀ tí erin jẹ oko rẹ̀ yóò ti gba owó kí òjò ọdún kejì tó dé.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Ọdọọdún ni wọ́n ń ka ìwé ètò ìnáwó ìpínlẹ̀ Ògùn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń gbé agbègbè náà lọ bá aṣojú rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, kí ó bi í ní gbangba pé: èélòó ni Igbó Omo mú wọlé, èélòó nínú rẹ̀ ni ó sì padà sí ọwọ́ àwọn tí ó ni ilẹ̀?